Ófìnì Kì Í Ṣe Kọ́bọ́ọ̀dù, Kọ́sítíìkì Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Gbé Lé Ọmọdé Lọ́wọ́

   

Tí ìwé yìí bá ti jáde, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ gbígbá ojú ọjà àti ọjọ́ ìpàdé la máa ń kọ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ìdáná la fẹ́ sọ. Ẹ má wí pé kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ilé ìdáná onílé. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nílé, ó gba àárín ọjà wa kọjá, ó sì tún padà sílé pẹ̀lú ẹkún.

Ohun tí à ń sọ ni ófìnì, ìyẹn àpótí onírin tó wà lábẹ́ kúkà gáàsì, tí wọ́n fi ń yan kéèkì, búrẹ́dì, ẹran àti ẹja. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ilé olówó nìkan la ti ń rí i. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní in. Òmíràn nínú wa rà á ní tuntun, òmíràn ra tòkunbọ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ló rà á fún un. Ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí là ń fi ófìnì náà ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Inú ẹ̀ là ń kó ìkòkò sí. Inú ẹ̀ ni páànù tí a fi dín dòdò ń gbé, òróró ò tíì gbẹ lára ẹ̀. Ibẹ̀ ni ike àìsìkiriìmù tí kò ní àìsìkiriìmù nínú wà. Ibẹ̀ náà la ń gbé ẹja díndín tó kù pamọ́ sí kí àwọn ọmọ má bàa rí i. Aáyán ti bímọ síbẹ̀, ó ti kọ́lé síbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó máa gba owó ilé lọ́wọ́ wa.

Ófìnì kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù o. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a ó kàn gbé sílẹ̀ kí àlejò lè rí i pé a ní kúkà ńlá.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ìdọ̀tí ófìnì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. A yan ẹja lónìí, ọ̀rá kán sílẹ̀, a ní a ó nù ún lọ́la. Lọ́la, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a ti wà lórí ìrìn, a ò sì délé kí aago 8 alẹ́ tó lù. Ọjọ́ Sátidé, òde ìnáwó. Ọjọ́ tí a bá tún fẹ́ tan iná sí i, ọ̀rá àná á jóná mọ́ irin, á di dúdú, á le bí òkúta. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà 10, kànrìnkàn ò ní ràn án mọ́. Ìgbà yẹn la ó wá máa wá ohun tó le, tó máa bó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí ewu ti ń wọlé nìyẹn.

A ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé àwa tí à ń kọ ìwé yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Kérésìmesì, a fẹ́ fi ófìnì yan adìyẹ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wálé. A ṣí i, ohun tí a rí nínú ẹ̀, ojú tì wá. Ẹnì kan sọ fún wa pé kọ́sítíìkì, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, tí a bá pò ó mọ́ omi gbígbóná, kò sí dúdú tí kò ní bó. A gbà á gbọ́. Ọmọ àbúrò wa kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún 11. A fún un lówó, a ní kó lọ rà á, kó dé, kó pò ó, kó sì fọ ófìnì náà kí a tó ti ọjà dé. Àwa tí a jẹ́ àgbà la sọ bẹ́ẹ̀. A ò bi ara wa léèrè pé kí ni kọ́sítíìkì náà gan-an.

Inú ọjà wa yìí ni ọmọ náà ti rà á. Ẹni tó tà á fún un ò bi í pé ta ló rán an. Inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dì í sí, ó so ó lẹ́nu bí ẹni so iyọ̀. Ọmọ délé, ó da omi gbígbóná sínú abọ́ alumíníọ́ọ̀mù, ó da kọ́sítíìkì sí i. Ẹ̀yin tó ń se ọṣẹ, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kọ́sítíìkì àti alumíníọ́ọ̀mù ò jọ ń gbé. Ó ń jẹ ẹ́, á máa hó, á máa gbóná sí i. Omi náà ru sókè, ó ta sí ọmọ lọ́wọ́, ó ta sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, díẹ̀ ló kù kó wọ ojú ẹ̀. Àwọn ará ilé sáré dé. Ẹnì kan gbé epo pupa, ẹnì kan ní kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọlọ́run ló yọ ọ́, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ayálégbé wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n gbé epo kúrò. Ó bọ́ aṣọ ọmọ náà, ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó sì ń da omi lé e, omi tútù lásán, fún bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ojú ọmọ náà là, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àpá wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní. Gbogbo ìgbà tó bá ń bu oúnjẹ fún wa la máa ń rí àpá náà.

Ìdí rèé tí a fi ń kọ èyí. A ò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọmọ tiẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ tí àwa ti fi ti àbúrò wa kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bó ṣe yẹ ká máa ṣe é. Àwa ò kàwé ju pírámárì síìsì lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà la ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, a sì ti ń fi ọwọ́ ara wa dán an wò.

Ohun tó ń pa ọ̀rá, a ti ní in lórí àtẹ wa láti ayé àwọn ìyá wa. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú? Wọ́n á jó èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ epo tàbí àdín. Kí ló ń dà? Ọṣẹ. Omi eérú pàdé ọ̀rá, ọ̀rá di ohun tí omi lè gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń fi eérú àti kànrìnkàn fọ ìkòkò, tí ìkòkò á sì máa dán. Bẹ́ẹ̀ náà ni káún tí à ń fi se ewédú àti ẹ̀wà, èyí tó ń ti apá adágún Chad wá. Béékìn sódà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń rà, ìbátan káún ni. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Kọ́sítíìkì náà wà nínú ìdílé yẹn, ṣùgbọ́n òun ni jàǹdùkú inú wọn. Bó ṣe ń sọ ọ̀rá ófìnì di ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ awọ èèyàn. Òun ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá adìyẹ àti ọwọ́ ọmọ.

Béékìn sódà la fẹ́ràn jù fún ófìnì, nítorí ara ẹ̀ rọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ha irin. Bí a ṣe ń lò ó rèé:

Èkínní, ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà, kì í ṣe ní ojú kúkà nìkan. Tó bá jẹ́ oníná mànàmáná, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.

Èkejì, ẹ kó irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀ àti tíréè jáde. Ẹ rẹ irin náà sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ nínú ike ńlá, ẹ fi káún díẹ̀ sí i. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ́ọ̀mù, ẹ má sì rẹ ohun tó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù sí i, ó máa dúdú.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbá àwọn ìrún-ùnrún tó jóná jáde nínú ófìnì. Ẹ wá bu béékìn sódà bí ìdajì agolo mílíìkì, ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ pò ó títí á fi ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ẹ fi akísà tàbí búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kùn ún sí gbogbo ibi tó dúdú. Ẹ má kùn ún sí ihò tí gáàsì ń gbà jáde, ẹ má kùn ún sí irin tín-ín-rín tó ń wọn ooru, ẹ má sì kùn ún sí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ sùn. Ohun tí kọ́sítíìkì ń fi ìkanra ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀, béékìn sódà ń fi sùúrù ṣe é mọ́jú. Tó bá ti lo wákàtí 8 sí 12, ẹ fi akísà tútù nù ún kúrò. Ibi tó bá ṣì le, ẹ fi ṣíbí onígi ha á, ẹ má fi ọ̀bẹ. Ibi tí kò bá ì tíì lọ, ẹ tún kùn ún lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ìdọ̀tí ọdún 3 ò ní lọ lóru ọjọ́ kan.

Ẹ̀karùn-ún, tí funfun béékìn sódà bá kù lára ẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, ẹ fi nù ún, á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má po ọsàn mọ́ béékìn sódà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rí i tó ń hó, inú yín á dùn pé ó ń ṣiṣẹ́, àṣé àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan ófìnì fún bí ìṣẹ́jú 15 láìgbé oúnjẹ sí i. Ó parí.

Ẹni tí kò bá ní béékìn sódà lè lo káún. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ yọ́ ọ nínú omi gbígbóná, ẹ sẹ́ ẹ, kí òkúta inú ẹ̀ má bàa ha irin. Káún le ju béékìn sódà lọ, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan.

Ti gíláàsì ẹnu ilẹ̀kùn, akísà tó rọ̀ ni o. Kànrìnkàn onírin àti yanrìn ń ha á, gíláàsì tí wọ́n ti ha kì í lágbára mọ́. Ẹ má sì da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná, ó lè fọ́.

Ohun tó wá dára ju gbogbo èyí lọ ni kó má tiẹ̀ dìdàkudà rárá. Lẹ́yìn tí a bá yan nǹkan tán, tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ká fi akísà olómi ọṣẹ nù ún. Ìṣẹ́jú 5 ni. Tí ọbẹ̀ tàbí ọ̀rá bá dà sílẹ̀ nínú ẹ̀, ká wọ́n iyọ̀ lé e kó tó tutù, á rọrùn láti kó kúrò. Tí a bá ń yan ẹja tàbí adìyẹ, ká gbé tíréè sí irin ìsàlẹ̀ kó máa gba ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bébà fadákà bo ilẹ̀ ófìnì onígáàsì. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wà níbẹ̀. Tó bá dí, iná ò ní jó dáadáa, ó sì lè máa tú èéfín burúkú kan jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń pa èèyàn sójú oorun.

Nǹkan mìíràn tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn kan ń da bílíìṣì, irú Jik àti Hypo, sínú ófìnì. Bílíìṣì kì í bó ọ̀rá tó jóná. Tí ẹ bá wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà tẹ̀ lé e, tàbí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde, á máa ta èèyàn lójú, á máa fún un ní àyà. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ láéláé, ì báà ṣe nínú ófìnì tàbí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Àwọn kan á sọ pé, "Akọ̀wé, àwa ń fọ tiwa, ó ṣì ń dúdú, ìkòkò pàápàá ń dúdú." Ẹ wo iná ẹ̀. Iná gáàsì tó dára, búlúù ni. Tó bá pọ́n, tó ń fò sókè, tó ń kun èéfín, ó lè jẹ́ pé ihò ẹ̀ ti dí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣí i, ẹ má fi ẹyọ ìgbálẹ̀, ó lè kán sínú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ kúkà tó ti ìlú òyìnbó wá, ó lè jẹ́ pé gáàsì tó ń gba inú páìpù wọlé lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣe é fún. Ìyẹn kì í ṣe irú gáàsì tó wà nínú sílíńdà wa. Tiwa lágbára jù ú lọ, ihò kékeré ló ń fẹ́. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kúkà kó pààrọ̀ ẹnu ihò náà. Fífọ̀ nìkan ò lè yanjú ìyẹn. Owó gáàsì yín ló ń di èéfín yẹn, ewu sì wà nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tan ófìnì, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ wo inú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ike ló ti yọ́ sínú ófìnì nítorí pé a tan iná kí a tó rántí ohun tí a kó síbẹ̀. Ẹ ṣáná kí ẹ tó ṣí gáàsì. Tí kò bá ràn, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí kí gáàsì tú lọ kí ẹ tó tún gbìyànjú. Gáàsì fúnra ẹ̀ kò ní òórùn. Wọ́n fi òórùn sí i ni kí a lè mọ̀ tó bá ń jò. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́. Tí ẹ bá gbóòórùn ẹ̀, ẹ pa orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ kun ara rọ́bà àti ẹnu ẹ̀. Ibi tó bá ń rú ìfófòó sókè ló ń jò. Ẹ má fi iná wá a o.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Níbo la ti fẹ́ rí àsìkò? Ọjà ò tà, owó ilé-ìwé wà nílẹ̀, akọ̀wé ń sọ̀rọ̀ ófìnì." Òótọ́ ni, ó ń rẹ̀ wá. Ó ń rẹ àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí oníṣòwò. Ọ̀kan nínú wa ń gba iṣẹ́ kéèkì nílé. Ó gba ti ìkómọjáde kan, ó yan án sínú ófìnì tí wọ́n ti yan ẹja Títù sí láìnù ún. Kéèkì náà dára lójú, ó wú, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n dáadáa. Wọ́n gé e níbi ayẹyẹ, òórùn ẹja ló jáde. Ó dá owó padà, oníbàárà náà ò sì padà wá mọ́. Ìṣẹ́jú 5 ló fẹ́ fi pamọ́, ẹ wo iye tó ná an.

Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì láyé àtijọ́ mọ èyí. Nígbà tí Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1921, kò sí kúkà gáàsì nílé wa. Ní ààrò alámọ̀ tí a ń fi igi dá, wọ́n á dáná sínú ẹ̀, wọ́n á wọ́ ẹ̀yinná jáde, wọ́n á fi akísà tútù nù ún kí búrẹ́dì tó wọlé. Ojoojúmọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun ò ráyè, nítorí búrẹ́dì tó bá ní eérú lára, ta ló máa rà á?

Ta ló wá yẹ kó fọ̀ ọ́? Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá lò ó ni kó nù ún. Tó bá jẹ́ ọmọ ọkùnrin ló yan adìyẹ, kó nù ún. Tó bá jẹ́ baálé ilé ló yan ẹja rẹ̀ lálẹ́ Sátidé, akísà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa lè bá wa fi akísà àti omi ọṣẹ nù ún, kò burú, à ń tọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a ò lè fi ọwọ́ ara wa gbé, ẹ má jẹ́ ká gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Pẹpẹ ibi tí a gbé kọ́sítíìkì sí ni kò yẹ kó tó jù.

Ní báyìí, ẹ̀yin tó ń ta kọ́sítíìkì nínú ọjà wa, ẹ fún wa létí. Ẹ má bínú sí wa, ẹbí kan ni wá. A ò ní kí ẹ má tà á mọ́. Àwọn tó ń se ọṣẹ gbọ́dọ̀ rí i rà, òun ni wọ́n fi ń jẹun, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. A ò sì di ẹ̀bi ọmọ wa ru ẹni tó tà á. Àwa la rán ọmọ níṣẹ́, ẹ̀bi wa ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n nǹkan 3 la fẹ́ kí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má tà á fún ọmọdé, bó ti wù kó sọ pé màmá òun ló rán òun.

Èjì, kí ẹnikẹ́ni má dì í sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tàbí ike ohun mímu mọ́. Àwọn dókítà ní àwọn ọsibítù ńlá ilẹ̀ wa ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé tó ṣèèṣì gbé kọ́sítíìkì mu, tí ọ̀nà ọ̀fun wọn dí, tí oúnjẹ ò kọjá mọ́. Ike tó nípọn, tó ní ọmọrí, ni kó wà, kí a fi ọ̀dà pupa kọ MÁJÈLÉ sí i lára.

Ẹ̀ta, kí ẹni tó ń tà á máa sọ fún ẹni tó ń rà á: tó bá ta sí ara, omi, omi, omi, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó ti kàn, kí wọ́n sì gbọ̀nà ọsibítù. Kí wọ́n má fi epo pupa, kí wọ́n má fi ọsàn. Tí ọmọ bá gbé e mì, kí wọ́n má fipá mú un bì, torí bó ṣe jó o nígbà tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa jó o nígbà tó ń bọ̀. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹgbẹ́ bá gbà, àwa á kọ ọ́ sínú ìwé òfin wa, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá rú u á sanwó ìtanràn bí ẹni tó da ìdọ̀tí sójú ọjà. Tí ẹgbẹ́ ò bá gbà, ẹ wá sọ ìdí fún wa lójú ìpàdé, a ṣe tán láti gbọ́.

Kí ìpàdé tó dé, iṣẹ́ kan wà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lè ṣe lálẹ́ òní. Tí ẹ bá délé, tí ẹ jẹun tán, ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn ófìnì yín. Ẹ kó ìkòkò jáde, ẹ kó ike jáde, ẹ lé aáyán lọ. Ẹ ra béékìn sódà díẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò yín nínú ọjà, owó tiwa náà ni kó máa yí láàárín wa. Ẹ pò ó, ẹ kùn ún, ẹ sì lọ sùn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èyí tó gún tiwa, kó má gún tiyín o.

Ọjà á tà, oníbàárà á yà sọ́dọ̀ wa. Ire o.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́